Láti Coconut dé Ìdí-Àràbà: Kókó Ara àti Ọwọ́ Tó Ń Kàn Án

Ariwo tírélà ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ní ibùdókọ̀ Coconut, nílùú Èkó. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí èbúté Tin Can tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà, àwọn dírẹ́bà àti ọmọ ọkọ̀ ti bọ́ ẹ̀wù nítorí ooru. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń hù sára wa, èyí tí aṣọ ń bò mọ́lẹ̀ nílé àti níbi iṣẹ́, kó wá síbí lọ́sàn-án gangan. Mo rí àpá tó wú gàdàgbà láyà ọmọkùnrin kan. Mo rí wóró dúdú wẹ́wẹ́ tó ń fì lọ́rùn bàbá kan. Mo sì rí dírẹ́bà kan tó ń fi omi inú ọ̀rá bọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tí kókó kan tó tó ẹyin ẹyẹlé wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

Mo kí i, mo sọ fún un pé mò ń kọ̀wé nípa kókó ara, mo wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé kókó yẹn máa ń dùn yín?"

"Rárá o. Ó ti pẹ́ lára mi. Mo ṣì ń ṣe ọmọ ọkọ̀ nígbà tó yọ, kò tó nǹkan kan nígbà yẹn."

"Ẹ ò wá fi han dókítà?"

"Ta ni yóò dúró ti ọkọ̀ fún mi? Wọ́n tiẹ̀ ní bí abẹ bá ti kàn án, ó di jẹjẹrẹ nìyẹn."

Ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Ó rọ̀. Mo fi ìka tì í, ó yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ awọ, ó tún padà sáyè rẹ̀. Awọ tó bò ó kò pọ́n, kò gbóná, kò sì ní ojú kankan. Lipoma ni àwọn dókítà ń pe irú rẹ̀: ọ̀rá ara lásán ni, tó kó ara jọ sínú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ awọ. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, a ó rí bí ẹnìkan tó ní in. Ìdílé mìíràn wà tó jẹ́ pé baba ní in, ọmọ náà ní in. Abẹ kì í sì í sọ ọ́ di jẹjẹrẹ. Ohun tó yẹ kó lé èèyàn lọ sọ́dọ̀ dókítà ni kí kókó ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kó máa yára dàgbà, kó le, kó máa dunni, tàbí kó fìdí múlẹ̀ débi pé ìka ò lè tì í. Irú ìyẹn ni wọ́n máa ń ya àwòrán inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń bu díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó yọ ọ́. Ti dírẹ́bà yìí kò ní ọ̀kankan nínú àmì wọ̀nyí, ó sì lè bá a darúgbó láìṣe é ní nǹkan kan. Mo ṣì rọ̀ ọ́ pé kó jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, nítorí ọwọ́ tèmi kì í ṣe ọwọ́ dókítà.

Ìbẹ̀rù tó wà lẹ́nu ọkùnrin yìí ló gbé mi wọ inú àdúgbò Ajégúnlẹ̀. Púpọ̀ jù lọ nínú ohun tó ń hù sára wa kì í pani. Àmọ́ ẹ̀rù wọn ń bà wá níbi tí kò yẹ, a sì ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú wọn níbi tó yẹ ká ṣọ́ra. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá kí á gé kókó kan tàbí kí á fi í sílẹ̀ títí yóò fi mọ irú èyí tó jẹ́, torí abẹ kan náà tó ń wo ọ̀kan sàn ló ń bọ́ èkejì yó.

Ṣọ́ọ̀bù báàbà kan ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ọmọkùnrin kan jókòó, ó dorí kodò, báàbà ń fi abẹfẹ́lẹ́ gé etí irun ìpàkọ́ rẹ̀. Wóró líle-líle ti kún ibẹ̀: àwọn kan ṣì kéré, àwọn kan ti so pọ̀ di ọ̀kan, irun kì í sì í hù níbi tí wọ́n ti so pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ níbi tí abẹ ti fẹnu kan ọ̀kan. Báàbà fi òwú àti sìpíríìtì nù ún, ọmọkùnrin náà ń ṣe hàáà, kò sì ní kó dúró.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ju èyí lọ: irun àwa adúláwọ̀ máa ń ká. Bí a bá fá a mọ́lẹ̀ tó di ṣóńṣó lẹ́nu, bó bá ń hù padà, á gún awọ wọlé. Ara á gbà á bí ọ̀tá tó wọlé, á bá a jà, ibi ìjà náà á wú, á di àpá. Bí wọ́n bá tún fá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìjà mìíràn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin ló pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń ní in. Àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀ kò gbówó rárá: kí abẹ kúrò ní ìpàkọ́, kí báàbà fi kóòmù sẹ́nu klípà kí irun lè ṣẹ́ kù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìpara àti oògùn tí dókítà bá kọ, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú wóró tó bá ti le. Èyí tó bá ti di ńlá, oníṣẹ́ abẹ lè gé gbogbo ojú ibẹ̀ kúrò.

Mo ṣàlàyé èyí fún báàbà. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó sì fún mi lésì tí mi ò lè jà níyàn: "Ẹ̀gbọ́n, tí mi ò bá fá a mọ́lẹ̀, wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kejì ni wọ́n á lọ." Ọmọkùnrin tó jókòó náà ló yẹ kó sọ pé òun ò fẹ́ abẹ mọ́. Kó sì tún béèrè nǹkan kan sí i, ìyẹn bóyá abẹ tuntun ni, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó yọ yẹn lè gba kòkòrò HIV àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ wọlé.

Àwòrán Bob Marley, olórin reggae, wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà káàkiri ní Ajégúnlẹ̀, àdúgbò tó fún Nàìjíríà ní àwọn olórin bíi Daddy Showkey àti African China. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo àwòrán yẹn mọ ohun tó pa á. Ní 1977 ni wọ́n rí i pé egbò tó wà lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ melanoma, jẹjẹrẹ awọ tó burú jù lọ. Ní oṣù karùn-ún 1981 ó kú, ọmọ ọdún 36. Oòrùn kọ́ ló sábà máa ń fa irú èyí tó ń mú adúláwọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló sì fẹ́ràn. Nítorí náà, ilà dúdú tó ń fẹ̀ sí i lábẹ́ èékánná, àmì dúdú tó ń pààrọ̀ àwọ̀ tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, àti egbò tó kọ̀ láti jinná, kì í ṣe ohun tí à ń fi ewé lé. Àwọn àfín ní tiwọn, oòrùn gan-an ni ọ̀tá wọn. Egbò tó bá pẹ́ lójú tàbí létí àfín, ilé ìwòsàn ló kàn.

Mo rìn títí mo fi dé ọjà Boundary. Níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ èdè Ìgbò, Urhobo, Ìlàjẹ àti Píjìnì láàárín ìṣísẹ̀ díẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ewé àti egbò ní ohun tó ń lò fún àwọn wóró tó ń fì lọ́rùn: òwú dúdú, tí wọ́n ń so mọ́ ìdí rẹ̀ típẹ́típẹ́ títí yóò fi gbẹ já. Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ìyá yìí, ọ̀pọ̀ ni òwú rẹ̀ ti já fún láìsí wàhálà. Àmọ́ ó máa ń kẹ̀, nígbà mìíràn kì í sì í ṣe wóró lásán ni wọ́n so. Ní ilé ìwòsàn, dókítà á fi sísọ́ọ̀sì ṣẹ́ ẹ tàbí kó fi iná kékeré jó ìdí rẹ̀, ó parí. Nǹkan kan sì wà tí òwú ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni: bí wóró báyìí bá ń pọ̀ lọ́rùn àti lábíyá ẹni tó sanra, ó dára kó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀.

Ìgò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú náà. Mo béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ìyá ní kí n má fọwọ́ kàn án, ó ń jó. Ìgò yìí ni mo kórìíra. Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ irú rẹ̀ níwájú díẹ̀, lójú ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan. Ojú ìyá yìí kún fún wóró dúdú kéékèèké láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀bá ojú, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá wa máa ń ní bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ. Ìyá tó bí i ní in, àbúrò rẹ̀ ní in. Castellani, dókítà ará Ítálì, ló fún un lórúkọ nínú ìwé ìṣègùn ní 1925, dermatosis papulosa nigra. Obìnrin ló ń ní in jù, kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í di jẹjẹrẹ. Ẹnìkan ti ta ìgò fún ìyá ẹlẹ́ja pé kó fi igi tín-ín-rín kán an sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wóró mẹ́ta bọ́ lóòótọ́. Níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, awọ ti jó wọnú, àárín rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ dúdú ju ojú ìyókù lọ.

"Ọmọ mi," ó sọ fún mi, "nígbà tí wóró wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Ní báyìí, gbogbo oníbàárà ló ń béèrè ohun tó ṣe mí lójú."

Awọ dúdú kì í yára gbàgbé ìyà tí a fi jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà awọ tó mọṣẹ́ fi máa ń rọra ṣe é: wọ́n á fi iná tó kéré gan-an kan wóró náà, tàbí kí wọ́n fi irin kékeré ha á kúrò, wọ́n á kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara sin. Nitrogen olómi náà wà, èyí tó tutù dé ìwọ̀n Celsius 196 lábẹ́ òdo, tí wọ́n máa ń fọ́n sórí oríṣiríṣi kókó ara ní òkè òkun. Ó dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n òtútù rẹ̀ máa ń tètè pa ohun tó ń fún awọ ní àwọ̀ rẹ̀, ó sì lè fi àbààwọ́n funfun sójú adúláwọ̀. Ẹni tí wóró wọ̀nyí ò bá dà láàmú, kó fi wọ́n sílẹ̀. Ojú tó mọ́ra ni.

Wọ́nwọ́n tó ń mú àwọn ọmọdé lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ yàtọ̀ sí gbogbo èyí, nítorí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ó sì ń ràn. Bí ọmọ bá fi abẹ gé e, ó ń gbìn ín síbòmíràn ni. Oògùn salicylic acid tí kẹ́míìsì gidi ń tà ń rọra bó o, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún méjì.

Ẹni tí mo dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ́ jù lọ ní ọjà náà ni ọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù. Kókó rírọ̀, ńlá àti kékeré, bò ó láti iwájú orí dé apá, kò ṣeé kà. Mo ra káàdì, mo na owó sí i. Ó wo ọwọ́ mi kó tó gbà á.

"Àwọn ẹlòmíràn máa ń ju owó sórí tábìlì ni," ó ní. "Wọn kì í fẹ́ kí ọwọ́ mi kan tiwọn."

Kò sí ohun tó wà lára ọkùnrin yìí tó lè ràn ẹnikẹ́ni. Neurofibromatosis ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe é, von Recklinghausen, dókítà ará Jámánì, ló ṣàlàyé rẹ̀ fáyé ní 1882. Ara iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára káàkiri ara ni kókó wọ̀nyí ti ń hù. Nínú bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ tí a bí, ọ̀kan ń ní in. Ní ìdajì wọn, láti ọ̀dọ̀ òbí ló ti wá; ní ìdajì yòókù, kò sí nínú ìdílé rí, àṣìṣe kékeré kan ló wọ inú àbùdá ọmọ náà nígbà tó ń di ọmọ. Kì í ṣe èpè, ìyá kankan ò sì jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ nínú oyún. Dókítà lè yọ èyí tó wà níbi tó ń ni í lára tàbí tó ń dí i lójú, ẹni tó ní in sì gbọ́dọ̀ sáré lọ bí ọ̀kan bá ṣàdédé le, tó ń dun ún, tó sì ń dàgbà. Ohun tí a lè ṣe fún un láìlọ sí ilé ìwòsàn ni kí á fi owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan nínú Ajégúnlẹ̀ gbà kí n wọlé wo iṣẹ́, aláìsàn náà sì gbà. Alábàárù ni, ẹni tó ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù. Kókó ọ̀rá kan wà ní èjìká rẹ̀, ibi tí àpò ẹrù ń jókòó sí gan-an, ìdí nìyí tó fi fẹ́ kó kúrò. Kí dókítà tó mú nǹkan kan, ó bi í pé, "Bí o bá fara gbọgbẹ́, ṣé àpá rẹ máa ń wú? Ta ló ní irú rẹ̀ nínú ìdílé yín?" Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó wo àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n gún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Inú dókítà dùn sí i.

Ó fi bírò fa ìlà yí kókó náà ká, nítorí bí oògùn bá ti wọlé, ojú ibẹ̀ á wú, kókó á sì fara pamọ́. Ó gún un ní lidocaine, oògùn tó ń mú ara kú, a dúró díẹ̀. Ó fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tọ ibẹ̀ wò, alábàárù ní òun ò mọ nǹkan kan. Nígbà náà ló la awọ, ojú ibẹ̀ kúrú ju kókó náà lọ dáadáa. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó ń yí i ká lábẹ́ awọ láti fi já àwọn okùn tín-ín-rín tó dì í mú, ó wá fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kókó náà yọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó pupa bí òróró, ó ń dán, àpò rẹ̀ wà lára rẹ̀ láìya. Àpò yẹn ṣe pàtàkì. Bí èyíkéyìí bá ṣẹ́ kù, kókó lè tún padà. Èyí burú jù lọ fún irú kókó mìíràn tó ní ojú dúdú kékeré lórí, tí ohun funfun tó ń rùn wà nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń tẹ ẹ bí eéwo, omi rẹ̀ á jáde, àpò á kù sínú, á kún padà, tàbí kó bẹ́ sínú ara, kó wá di eéwo gidi.

Wọ́n rán ojú ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ju kókó náà sínú ìgò formalin, ó kọ orúkọ sí i fún láàbù. Alábàárù béèrè pé ṣé dandan ni láàbù, owó ni. Dókítà ní, "Ó dá mi lójú pé ọ̀rá ni. Ṣùgbọ́n ojú mi kọ́ ni ẹ̀rí." Mo mọ̀ pé owó láàbù kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń ru ẹrù jẹun, síbẹ̀ dókítà ni mo gbè. Ó ní kó padà wá yọ òwú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó má sì ru ohunkóhun sí èjìká yẹn títí di ìgbà náà.

Kí ló dé tí inú dókítà fi dùn sí àpá tó tẹ́jú? Ìdí-Àràbà ni mo ti rí ìdáhùn, ní LUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Èkó, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà awọ. Ọmọbìnrin kan jókòó ti ìyá rẹ̀, ó fi gèlè bo etí òsì. Nígbà tó ṣí i, kókó tó ń dán, tó le, ti bo gbogbo ìsàlẹ̀ etí náà, ó rọ̀ sílẹ̀ kọjá àgbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ní ó kéré gan-an tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gé e lẹ́ẹ̀kan rí níbì kan ládùúgbò wọn, ó jinná, inú wọn dùn. Kí ọdún tó yí po, ó ti hù padà, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kíloìdì nìyẹn. Bí ara bá fẹ́ di ojú ọgbẹ́, á máa ṣe collagen láti fi pa á pọ̀. Lára ẹni tó ní kíloìdì, ara kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró, àpá á kọjá ààlà ọgbẹ́ tó bí i. Adúláwọ̀ ló ń dà láàmú jù, láàárín ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ọdún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, etí, àyà, èjìká àti àgbọ̀n sì ni ibùgbé rẹ̀. Bí a bá fi abẹ nìkan gé e, ọgbẹ́ tuntun la fún un. Ó kéré tán, nǹkan bí ìdajì ló ń padà. Ilẹ̀ wa wà lára ibi tí ìmọ̀ yìí ti wá. Dókítà Alibert ti ń kọ nípa rẹ̀ ní Paris láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n ní 1973, dókítà P. Omo-Dare gbé àpilẹ̀kọ jáde nínú ìwé àwọn dókítà adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí ohun tí àwọn Yorùbá ti mọ̀ nípa kíloìdì, dókítà Oluwasanmi náà sì kọ tirẹ̀ ní 1974 nípa kíloìdì lára ọmọ Áfíríkà. Ẹ̀yà tó máa ń kọlà nígbà kan, tó ń lu etí ọmọ, kò lè ṣàìmọ̀ ọ́n.

Ìtọ́jú rẹ̀ gba sùúrù. Wọ́n ń gún triamcinolone sínú kókó náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà wọ́n á tún gún un, títí yóò fi rọ̀, tí yóò sì tẹ́. Abẹ́rẹ́ náà máa ń dunni, ó sì lè mú kí awọ ibẹ̀ funfun díẹ̀. Èyí tó bá tóbi tó ti ọmọ yìí, wọ́n lè gé e, ṣùgbọ́n gígé náà kì í dá rìn: abẹ́rẹ́ á tẹ̀lé e, tàbí ìtànṣán irú èyí tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ, èyí tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un ní yẹtí tó ń fún etí pọ̀ láìlu ú, kó máa wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìyá ọmọ náà ní ìbéèrè kan sí i, ó sì bi dókítà nígbà tó ti dìde tán. Àbúrò ọmọ yìí ti ń sunkún pé òun fẹ́ lu etí òun lẹ́ẹ̀kejì bí àwọn ẹgbẹ́ òun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni.

"Mà, ẹ má jẹ́ kó lu ú," dókítà ní. "Bí ẹ ṣe ń lu ti ìkókó lọ́jọ́ tí ẹ sọ ọ́ lórúkọ, kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Bí ọmọ bá ti kọjá ọdún mọ́kànlá, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní in, ewu rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń há mọ́ etí fún un."

Ìyá ní òun á ra méjì nígbà náà, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan fún àbúrò. Dókítà ní ti ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ti ọjà, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti máa wọn etí rẹ̀ fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ sínú káàdì.